Ilé Alájà Márùn-ún Lórí Ẹrọ̀fọ̀ Ìgbòkòdá

Òpó ilé ni mo fi gbogbo ayé mi kàn. Rótìmí ni orúkọ mi. Abereke ni wọ́n bí mi sí, létí òkun, ṣùgbọ́n láti Aráròmí títí dé Ìgbòkòdá, Rótìmí Olópòó ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tiwa, ohun tí ènìyàn ń pè ní ilẹ̀ kì í sábà jẹ́ ilẹ̀. Omi ló wà lókè, ẹrọ̀fọ̀ wà lábẹ́ omi, iyanrìn líle wá wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ojú kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, ìbáà ṣe àhéré, ìbáà ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò bá a fi igi tàbí irin wá iyanrìn yẹn kàn. Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn, láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi títí di ìgbà tí orúnkún ní òun kò ṣe mọ́.

Mo gbọ́ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jáde ilé-ìwé báyìí ń ro iṣẹ́ ilé kíkọ́, torí Ìgbòkòdá ń kún, ilẹ̀ gbígbẹ ń tán, òkè ni ilé ń lọ. Ẹ má fi í sílẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n àgbà tó mọ ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dojú dé, tó wá dákẹ́ nítorí ìtìjú, òun ló ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sómi. Nítorí náà, n óò sọ èyí tó dùn, n óò sì sọ èyí tó bà mí lórúkọ jẹ́.

Òkun ló lé mi dé ìdí iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ilé bàbá mi lójú mi. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ ẹ̀kẹta, bàbá mi ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Molútẹ̀hìn, Bàbá Ọmọmọwó, ẹni tí wọ́n ní ilé tó bá bá ènìyàn fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ kì í yẹ̀. Ó kúrú, ó dúdú, etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́ nítorí omi tó ti ń wọ̀ ọ́ láti kékeré. Ọjọ́ tó parí iṣẹ́ ilé wa ni mo bá a wọ ọkọ̀ lọ. A kò kọ ìwé kankan. Bàbá mi gbé agbọ̀n ẹja yíyan kan fún un, ó ní, "Ẹ bá mi kọ́ ọ." Ó tán.

Láyé ìgbà náà, igi ńlá kan tí a fi okùn dè ni a fi ń lu orí òpó. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń dúró lórí àtẹ́lẹ̀ pákó láàárín omi, wọn a fa igi náà sókè, wọn a sì jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan okùn yẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wà nínú omi, kí n fi ọ̀bẹ fá ìlà sára òpó, kí n sì máa wí bí ó ti wọlẹ̀ tó lẹ́yìn ìlù mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí a bá lu òpó nígbà mẹ́wàá tí kò wọlẹ̀ tó ìbú ìka kan, ó ti kan iyanrìn nìyẹn. Àwa a ní òpó náà ti kọ̀. Ọ̀gá mi a ní, "Òpó tó ń gbà fún ọ, ọ̀tá rẹ ni. Èyí tó kọ̀ fún ọ gan-an ni ọ̀rẹ́."

Kì í na ọmọ iṣẹ́. Ohun tó máa ń ṣe le ju nínà lọ: ó máa ń gbà ọ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe gbà mí gbọ́. À ń kọ́ ilé fún opó kan ní Molútẹ̀hìn, ìyá tí omi ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan, òtútù ti mú mi nínú omi débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Òpó igun kan kù, kò sì fẹ́ kọ̀. Lílù mẹ́wàá, ó wọlẹ̀. Mẹ́wàá mìíràn, ó tún wọlẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo kígbe sókè pé, "Ó ti kọ̀ o." Ọ̀gá mi sọ̀kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí òpó náà, ó wò mí lójú, ó ní, "O ní ó ti kọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára.

A kọ́ ilé náà parí, ilẹ̀ pákó, ògiri, òrùlé. Ọjọ́ tí ìyá náà fẹ́ kó wọlé, ọ̀gá mi ní kí ó dúró sínú ọkọ̀ ná. Ó ní kí n kó àwọn ìkòkò omi rẹ̀ wọlé, ìkòkò mẹ́fà, kí n tò wọ́n sí igun yẹn gan-an. Bí mo ṣe sọ ìkòkò karùn-ún kalẹ̀, igun ilé náà rì. Èmi, ìkòkò àti pákó, gbogbo wa bá ara wa nínú odò. Nígbà tí mo yọrí sókè, ọ̀gá mi jókòó sẹ́nu ọkọ̀ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

Ó ní, "Ìwọ lo sọ pé ó ti kọ̀. Mo ní kí ìwọ bá irọ́ rẹ lọ sísàlẹ̀ kí opó tó bá òpó lọ."

Èmi nìkan ni mo tú ilé náà, igi kọ̀ọ̀kan, tí mo sì tún bá wọn kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo rò pé ẹ̀kọ́ yẹn ti wọ egungun mi.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní àkókò náà ni àwọn elépo rọ̀bì ti gbòde. Wọ́n ń fi irin gígùn kan òpó sínú omi láti gbé èbúté àti ilé iṣẹ́ wọn lé lórí, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì fi ń lù ú. Ọkọ̀ ńlá pẹrẹsẹ kan ló ń gbé ẹ́ńjìnnì náà, ariwo rẹ̀ a máa mi omi láti ìlú kan dé ìkejì, ẹja a sì sá kúrò ní agbègbè náà fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí àwa mẹ́rin ń fi ọjọ́ méjì ṣe, ẹ́ńjìnnì ń ṣe é kí omi ẹ̀bà tó hó. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo fẹ́ lọ kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì kò ní etí. Lọ, ṣùgbọ́n mú tìrẹ dání."

Mo gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá elépo kọ́ èbúté. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi mí ṣẹ̀sín nítorí pé èmi tí mò ń pe ọwọ́ ní ọghọ́ kò gbọ́ èdè òyìnbó tí àwọn ọ̀gá ń sọ. Ọdún kejì, wọ́n rí i pé mo lè gbé ọwọ́ lé irin kí n sì sọ bó ti kù tó kó kan iyanrìn, wọ́n bá fi mí ṣe olórí àwọn tó ń kan òpó. Ara mi kọ́kọ́ kọ ẹ́ńjìnnì. Láti inú okùn, ọwọ́ ènìyàn máa ń mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń dáhùn. Ẹ́ńjìnnì ń lù, ìwọ kàn ń wò ó ni. Nígbà tó yá, ariwo rẹ̀ ni mo kọ́ láti máa fetí sí. Tí òpó bá ń sún mọ́ iyanrìn, ariwo náà a yí padà, a ró gbangan bí irin àgbẹ̀dẹ. Mo fẹ́ ìyàwó láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Ìyábọ̀, ọmọ Aráròmí. A bí Tósìn, a sì bí àbúrò rẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìgbòkòdá bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn òṣìṣẹ́ elépo ń bọ̀, ìjọba ń kó òṣìṣẹ́ wá, tíṣà ń bọ̀ láti Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, àwọn tí òkun ti lé kúrò létí omi náà ń wọ̀lú. Kò sí ilẹ̀ gbígbẹ tó tó wọn. Ọkùnrin ìlú wa kan, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òṣìṣẹ́ fún àwọn elépo, pinnu láti kọ́ ilé fúláàtì alájà mẹ́rin létí odò. Alága ni gbogbo wa ń pè é. Kò sẹ́ni tó tíì kọ́ irú rẹ̀ rí ní agbègbè wa.

Ó mú ẹnjiníà kan wá láti Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Délé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ to fúláàtì lé fúláàtì. Ó yí ilé náà síhà ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń wá, kí ènìyàn má baà nílò jẹnẹrétọ̀ kó tó lè sùn. Kànga wa máa ń ní ìpẹtà, nítorí náà ó ní kí òrùlé máa gba omi òjò sínú táǹkì fún gbogbo ilé. Kò jẹ́ kí wọ́n da ẹ̀gbin ilé sódò. Ó máa ń wí pé, "Ọ̀gá Rótìmí, bí ilé gíga bá ń pa odò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí odò náà yóò fi gbẹ̀san." Ó gbé ìwé ńlá kan fún mi, kí n máa kọ bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe wọlẹ̀ tó, kí n sì fọwọ́ sí i. Orí ìwé yẹn ni gbogbo ìṣirò rẹ̀ yóò dúró lé.

A kan òpó mẹ́tàlélógójì láìsí wàhálà. Ó ku mẹ́ta, ní igun ẹ̀yìn tó kọjú sódò. Àyà mi sọ fún mi pé ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀ jìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, lọ, lọ, ìkankan kò kọ̀. Ẹ́ńjìnnì wá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹnjiníà Délé wà nílé ìwòsàn ní Ìbàdàn lákòókò náà, ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ohun èlò tó bàjẹ́ náà, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé. Alága wá bá mi níbi iṣẹ́.

Ó ní, "Rótìmí, báwo ló ṣe kù tó?"

Mo ní, "Mo rò pé ó ku bí apá méjì sí iyanrìn, Alága. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Apá méjì nínú òpó tó gùn tó igi àgbọn. Òjò ń bọ̀. Bí òjò bá bá wa níbí, iṣẹ́ dúró títí di ọdún tó ń bọ̀, gbogbo àwọn ènìyàn yìí á lọ sílé. Òpó mẹ́tàlélógójì ti dé. Mẹ́ta péré." Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. "Kọ ọ́ pé ó dé."

Ẹ bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ti bi ara mi náà. Kò fún mi ní kọ́bọ̀, kò sì halẹ̀ mọ́ mi. Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ràn ilé náà, mo sì fẹ́ kó dìde. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó kù yóò ru mẹ́ta yẹn. Mo mú kálámù, mo kọ ọ́ pé òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, mo fọwọ́ sí i.

Ilé dìde. Nígbà tí Ẹnjiníà Délé parí iṣẹ́ tirẹ̀, tó padà sí Ìbàdàn, Alága tún fi àjà karùn-ún lé e láìsọ fún un. Ó gbé táǹkì omi ńlá mẹ́ta sórí òrùlé, sí igun ẹ̀yìn níbi tí omi òjò ti ń ṣàn bọ̀. Mo rí i. Mo ní, "Alága, igun yẹn kọ́." Ó ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ pé ó dé?"

Ó fún mi ní fúláàtì kan ní àjà kìíní kí n máa bá a mójú tó ilé. Ibẹ̀ ni mo kó Ìyábọ̀ àti àwọn ọmọ wá. Ìdùnnú ni fún wọn. Ìyábọ̀ máa ń sọ pé òun kò gbé inú ilé rí tí òun kò gbọ́ omi lábẹ́ ẹni, tí òun sì ń rí omi mímọ́ mu láti ẹnu ẹ̀rọ. Ìdílé méjìdínlógún ló wà nínú ilé náà. A jọ ń gbá àtẹ̀gùn, a jọ ń tún gọ́tà ṣe. Lókè, àwọn obìnrin ń sá aṣọ, wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́ sínú ike. Ìlú kékeré kan ló dúró lóòró. Èmi nìkan ni kì í sùn dáadáa bí òjò bá ń rọ̀.

Ọdún kejì, láàárín ìgbà òjò, Tíṣà Fọlákẹ́ ké sí mi. Àjà kẹrin ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé-ìwé girama, ara Èkìtì ni. Ó ní, "Bàbá Tósìn, ilẹ̀kùn mi kò tì mọ́. Tí ọsàn bá sì bọ́ lọ́wọ́ mi, igun kan náà ló máa ń yí lọ." Mo mọ igun náà kó tó nawọ́ sí i.

Mo ní ó ṣeé ṣe kí igi ilẹ̀kùn ti wú. Mo sọ̀kalẹ̀, mo mú okùn ìwọ̀n, okùn tínrín tí a so irin sí nídìí. Mo so ó mọ́ ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ní òkè pátápátá, mo jẹ́ kí irin náà rọ̀ sísàlẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì síbi tó dúró sí. Ní ọjọ́ kejì, ó ti kúrò lórí àmì náà ní ìbú ìka kan. Òjò rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ kẹta, táǹkì òkè kún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ti di ìka mẹ́ta.

Mo lọ bá Alága nílé rẹ̀. Ó ń jẹun. Kò dá oúnjẹ dúró.

Ó ní, "Gbogbo ilé ló ń jókòó."

"Èyí kò jókòó, Alága. Ó ń tẹ̀."

"Bí o bá sọ ọ́ síta, ọwọ́ ta ni wọ́n máa bá nínú ìwé? Padà sílé, Rótìmí."

Mo padà sílé. Ìyábọ̀ ń bó ẹ̀gẹ́, ó rí ojú mi. Ó ní, "Bàbá Tósìn, láti ìjẹrin lo ti ń wo irin kan lórí àtẹ̀gùn. Kí lo mọ̀?"

Mo sọ fún un. Òpó mẹ́ta, ìwé, gbogbo rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"O mú àwọn ọmọ mi wá gbé orí rẹ̀."

Ó ní, "Lọ sọ fún wọn báyìí. Bí o kò bá lọ, èmi yóò lọ, tèmi á sì burú ju tìrẹ lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nílé. Mo kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí àwọn àgbà ilé pàdé mi nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo fi irin àti àmì ṣọ́ọ̀kì hàn wọ́n. Mo ní, "Igun ẹ̀yìn ilé yìí kò dórí iyanrìn. Èmi ni mo kàn án, èmi ni mo sì parọ́ pé ó dé. Ilé ń tẹ̀. A gbọ́dọ̀ jáde lónìí."

Kúnlé, òṣìṣẹ́ elépo kan tó ń gbé àjà karùn-ún, tí ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú. Ó sọ mí mọ́ ògiri. Tíṣà Fọlákẹ́ ló dá sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí a máa ṣe tán ná. Bí a bá ti jáde, ẹ lè lù ú."

Mo sọ fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù wúwo. Kí wọ́n má kó ara wọn jọ sórí àtẹ̀gùn. Ìdílé kan ni kó máa sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti òkè wá, kí wọ́n sì lọ sí pápá ilé-ìwé. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni táǹkì òkè. Ìwúwo rẹ̀ wà lórí igun náà gan-an. Bí a bá sì kàn ṣí i, omi náà yóò dà sẹ́sẹ̀ òpó mẹ́ta yẹn, yóò tún sọ ẹrọ̀fọ̀ di ẹ̀kọ. A ní láti fi rọ́bà gígùn darí rẹ̀ sí gọ́tà iwájú. Mo ní mo nílò ẹnì kan tí yóò bá mi gòkè.

Kúnlé jọ̀wọ́ ẹ̀wù mi. Ó ní, "Èmi mọ rọ́bà. Iṣẹ́ mi nìyẹn." Ó mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí pápá, ó sì padà wá.

A gòkè. Lórí òrùlé, ènìyàn kò nílò okùn ìwọ̀n mọ́. Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti dagun. Kúnlé so rọ́bà mọ́ táǹkì kìíní, mo fà á dé iwájú, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ àfi ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ojú ọ̀run dúdú lápá òkun. Táǹkì kìíní tán. Ìkejì dé ìdajì. Ìgbà náà ni Tíṣà Fọlákẹ́, tó ń ka àwọn ènìyàn nísàlẹ̀, pariwo sókè pé gbogbo ìdílé ti jáde àfi Bàbá Aráròmí ní àjà kẹta.

Mo fi Kúnlé sídìí omi, mo sọ̀kalẹ̀. Apẹja àtijọ́ ni Bàbá Aráròmí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, ọmọ náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú òkun. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán láti òkè dé ilẹ̀, mo lè ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó ní, "Òkun lé mi ní ìgbà mẹ́ta. Mo sá wá sórí òkè torí pé wọ́n ní òkun kò lè gòkè. N kò sá mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ohùn kan dún lábẹ́ wa, bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá gun àpáta. Mo bá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo kan òpó yìí. Bí ẹ kò bá lọ, n kò lè fi yín sílẹ̀ síbí kí n lọ rí ojú ọmọ yín. Màá jókòó tì yín."

Ó yí ojú sí mi, ó wò mí dáadáa. "Ìwọ ọmọ Abereke yìí, o ní ọmọ nísàlẹ̀?"

"Méjì, Bàbá."

Ó sọ àwọ̀n sílẹ̀. "Gbé mi dìde. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo pa bàbá wọn."

Mo pọ̀n ọ́. Bí a ṣe dé àjà kìíní, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Kúnlé lókè wa, ó ń sáré bọ̀, ó ń pariwo pé táǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbẹ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ nígbà tí igun ẹ̀yìn rì. Kò rì púpọ̀, bóyá kó dé orúnkún ènìyàn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ já kúrò lára ògiri, Kúnlé sì wà lórí rẹ̀.

Ilé náà dúró bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Kò wó. Ẹnikẹ́ni kò kú. A wa Kúnlé jáde lábẹ́ kọnkéré kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún fọ́ níbi méjì, kò sì fi ẹsẹ̀ náà rìn dáadáa mọ́ títí di òní.

Ẹnjiníà Délé dé ní ọjọ́ kejì. Ó yí ilé náà ká, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí ní pápá ilé-ìwé. Mo ti ń retí ìbínú. Ó kàn ní, "Ọ̀gá Rótìmí, mo gba ìwé yín gbọ́." Ó kọjá lọ. Ìyẹn ni mo fi sunkún, kì í ṣe nítorí àwọn tó ń bú mi.

Wọ́n gbẹ́jọ́. Mo sọ òtítọ́ bó ṣe rí, n kò di ẹrù Alága lé tèmi, n kò sì bá a ru tirẹ̀. Ó kúrò nílùú. Èmi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kan òpó ilé ńlá mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n tú àjà karùn-ún àti ìkẹrin, wọ́n kan òpó irin tuntun wọ abẹ́ igun náà, wọ́n gbé táǹkì sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Alájà mẹ́ta ni ilé náà báyìí. Ènìyàn ń gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà.

Mo padà sí Molútẹ̀hìn. Bàbá Ọmọmọwó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti lọ. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó ní kí n gbé ọwọ́ òun lé orí mi. Ó ní, "Irọ́ yìí náà, ṣé ìwọ lo bá a lọ sísàlẹ̀?" Mo ní rárá, Bàbá, ẹlòmíràn ló bá a lọ. Ó ní, "Lọ sìn ín, nígbà náà."

Mo lọ sìn ín. Fún ọdún méjì, Kúnlé kò jẹ́ kí n wọlé rẹ̀. Mo máa ń gbé ẹja sẹ́nu ọ̀nà, wọn a kó o dànù. Ní ọdún kẹta, ìyàwó rẹ̀ gbà á. Ní ọdún kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ní kí n jókòó. Ó bi mí bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òpó ti dé. Ó ti pàdánù iṣẹ́ elépo, ó ń wá iṣẹ́ tí ẹni tó jókòó lè ṣe. Mo kọ́ ọ ní ìwé òpó. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá mi pé, àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́: èmi wà nídìí òpó, òun ń kọ̀wé. Kò kọ nǹkan kan rí títí dòní tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí. Àwọn kọngílá máa ń ní ọwọ́ rẹ̀ le jù. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Irinṣẹ́ tún yí padà lójú wa. Báyìí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ihò sísàlẹ̀, wọ́n á sì da kọnkéré sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan ń tẹ́tí sí òpó, ó ń ya ohùn rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Ó ní etí nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ẹ kọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ má bá mi sọ pé tàtijọ́ ló dára jù. Igi tí à ń fi okùn fà kò lè gbé ilé tí ìlú yìí nílò lónìí. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń mú kálámù fún ènìyàn.

Iṣẹ́ tí mo ṣe gbẹ̀yìn ni ilé fúláàtì alájà mẹ́fà kan lọ́nà ọjà tuntun. Táǹkì òjò rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, oòrùn ló ń fún un níná, atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Gbogbo òpó rẹ̀ pátá ni mo dúró tì títí tó fi kọ̀, Kúnlé sì kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni orúnkún mi ní ó tó. Tósìn ọmọ mi, tó ti di nọ́ọ̀sì, gba fúláàtì ní àjà karùn-ún ibẹ̀. Fún ọdún kan gbáko, mo ń sọ fún un pé orúnkún mi kò jẹ́ kí n gòkè. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Òun ló máa ń sọ̀kalẹ̀ wá kí mi.

Lóṣù tó kọjá, ó ní òun kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, oúnjẹ mi wà lókè. Mo gòkè. Mo dúró sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan, mo fọwọ́ kan ògiri níbi gbogbo tí mo dúró sí. Ó ti gbé tábìlì sẹ́bàá fèrèsé. Láti ibẹ̀, mo rí odò, mo rí òrùlé ilé-ìwé, mo rí òkun bí okùn funfun kan lókèèrè. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òjò ńlá tó ń lu òrùlé gbàgbàgbà. Tósìn dá ọwọ́ dúró, ó ń wò mí. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ilé yẹn tẹ̀. Kò gbàgbé ohunkóhun.

Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n bá yín sọ̀kalẹ̀?"

Mo tẹ́tí sí ilé náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ní kó bu ọbẹ̀ sí i fún mi.